Àkísà Àgbà Lára Ohun Titun

Àwọn baba wa, tí wọ́n máa ń wo ayé dáadáa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ni wọ́n sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ náà sì gún régé tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó lè dá a padà sí wọn lẹ́nu. Owó lè ra etù, owó lè ra sányán, ṣùgbọ́n ọdún tí ń sọ aṣọ di àkísà kò sí lórí àtẹ ọjà kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí alájàpá tí ń gbé e kiri. Síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ kan wà láyé tí àwọn tí ń ṣe é dà bí ẹni tí ń pe òwe yìí lẹ́jọ́: wọn a mú ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi POP (plaster of Paris) mọ, ìbáà ṣe òdòdó àárín àjà, ìbáà ṣe ọ̀ṣọ́ orí òpó, ìbáà ṣe ère kékeré orí tábìlì, wọn a sì fi ọ̀dà, ìda àti àkísà tọ́jú rẹ̀ títí ẹni tí ó bá wọlé yóò fi rò pé láti ìgbà tí baba baba onílé ti wà ní ọmọdé ni nǹkan náà ti wà níbẹ̀. Mo ti bá wọn dá sí díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, mo sì ti wo púpọ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé òwe àwọn baba kò yẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbìyànjú láti bá a jìjàkadì yóò mọ ohun tí ẹni tí ó kàn ń pa á lásán kò mọ̀.

Bí a bá fẹ́ sọ nǹkan di arúgbó, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdílé rẹ̀, nítorí ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òkúta rírọ̀ kan tí ń jẹ́ jípsọ́ọ̀mù, èyí tí ó wà nínú ilẹ̀ ní Nafada àti ní Fika ní òkè Ọya, tí ó sì pọ̀ nígbà kan rí lábẹ́ òkè Montmartre ní ìlú Paris tí POP ti gba orúkọ, ni ìyá tí ó bí i. Bí a bá yan òkúta yìí nínú ooru tí ó tó nǹkan bí 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi tí ó fara pamọ́ sínú rẹ̀ yóò fò lọ, òkúta yóò sì di ìyẹ̀fun. Bí a bá tún bu omi sí ìyẹ̀fun náà, yóò gba omi tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ padà, yóò gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ń pò ó, kí ó tó pé wákàtí kan yóò sì ti padà di òkúta ní ìrísí móòdù tí a dà á sí. Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ sọ di arúgbó yìí, arúgbó ni ó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀ nínú ilẹ̀, kí èèyàn tó dé ayé; iná ni ó sọ ọ́ di ọmọ ọwọ́. Bí ó ti ń ti inú móòdù jáde, funfun báláú ni, orí òkè rẹ̀ àti inú kòtò rẹ̀ funfun bákan náà, kò sì sí ohunkóhun lára rẹ̀ tí yóò sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni ti bá a gbélé rí.

Ọjọ́ tí ó jáde kọ́ ni a ń kùn ún. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ a gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, a sì máa gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ lóòrèkóòrè. Bí ó bá ṣì tutù, omi ṣì wà nínú rẹ̀, ọ̀dà tí a bá sì kùn lé omi lórí yóò bó. Bí ó bá gbẹ tán ni yóò wá fi ṣẹ́láàkì pa á lẹ́nu, èyíinì ni oje tí kòkòrò wínníwínní kan ń pọ̀ sára ẹ̀ka igi ní ilẹ̀ Íńdíà, tí a ń yọ́ nínú sípíríìtì. Nítorí POP tí a kò bá pa lẹ́nu a máa fa ọ̀dà mu, ohun tí ó bá sì ti mu, àkísà kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọ̀ ìpìlẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e kì í ṣe funfun, kì í sì í ṣe ìyeyè. Àwọ̀ eyín erin ni, èyí tí ó ti pẹ́ nínú àpótí. Nígbà náà ni oníṣẹ́ yóò mú ọ́mbà, erùpẹ̀ aláwọ̀ igi tí a lọ̀ kúnná, yóò pò ó mọ́ òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀ àti tọpẹntáìnì títí yóò fi máa ṣàn, yóò sì fi búrọ́ọ̀ṣì kun gbogbo ara nǹkan náà, òkè àti kòtò, iwájú àti ẹ̀gbẹ́, kò ní dá ibì kankan sí. Àlejò tí ó bá wọlé ní àkókò yìí yóò káwọ́ lérí, yóò ní wọ́n ti ba ohun arẹwà jẹ́.

Àkísà ni ó ń tún un ṣe. Kí ọ̀dà náà tó gbẹ, oníṣẹ́ yóò ká àkísà rírọ̀ mọ́ ìka, yóò máa nù ún kúrò ní àwọn ibi tí ó yọ sókè, yóò sì fi èyí tí ó wà nínú kòtò sílẹ̀. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹni tí ó bá fi agbára nù ún yóò sì padà sí funfun tí ó ti ń sá kúrò. Ọ̀gá àgbà kan wà tí mo máa ń lọ jókòó tì nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó ti gbé òdòdó sórí àjà ilé púpọ̀ ní Èkó àkéte, tí ọwọ́ rẹ̀ sì dà bí ẹni tí kì í kánjú ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ kì í pẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé, “Bàbá, báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí ẹ ó ti nù ún mọ́ àti ibi tí ẹ ó fi sílẹ̀?” Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, “Ìwọ ro ti ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń nu ilé. Ibi tí àkísà tirẹ̀ bá dé láìnàgà, ibẹ̀ ni kí tìrẹ náà dé. Ibi tí ọ̀lẹ yóò bá fò, kí ìwọ náà fò ó.”

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí, mo sì rí i pé gbogbo ìmọ̀ iṣẹ́ náà ni ó kó sínú rẹ̀. A máa ń rò pé ogbó jẹ́ ìdọ̀tí tí ọdún ń dà sára nǹkan, nígbà tí ó jẹ́ pé àkọsílẹ̀ ni, tí ó ń sọ ibi tí ọwọ́ dé àti ibi tí ọwọ́ kò dé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ìrẹ́pọ̀ ni a fi ń pa òwe yìí láàárín ara wa, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ń sọ ògiri di arúgbó, òfin iṣẹ́ ni. Ẹsẹ̀ òpó tí àwọn ọmọ ń dì mú bí wọ́n ti ń sáré yí i ká a máa dán, ara òkè rẹ̀ a sì máa ṣú. Imú orí kìnnìún tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn a máa mọ́ nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọjá tí kò fọwọ́ kàn án, àmọ́ inú ihò etí rẹ̀ yóò dúdú títí láé. Eruku kì í gòkè. Òkè ewé tí a mọ sára ògiri ni í bà lé, kì í bà sí abẹ́ rẹ̀, nítorí náà aṣẹ̀ṣẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó bá bu eruku sí ìsàlẹ̀ ewé ti tú àṣírí ara rẹ̀. Ìda oyin tí a fi ń parí iṣẹ́ náà pàápàá, ibi tí èèyàn ìbá máa fọwọ́ ra ni a ń fi í ra, kì í ṣe ibòmíràn. Ẹni tí ó bá ṣe gbogbo èyí láìṣìṣe ti fi ojú inú rí ìdílé kan nínú ilé náà, ọmọdé wọn, ìránṣẹ́ wọn, àlejò wọn àti ọ̀lẹ wọn, bí kò tilẹ̀ sí ẹnìkan tí ó gbé ibẹ̀ rí.

Kò sí ibi tí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn sí mi tó ara ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn bá padà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ère tí a gbẹ́ dípò rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń gbé sójú ògiri kí a máa wò. A ń wẹ̀ ẹ́, a ń fún un ní oúnjẹ, a ń fi osùn pa á lára, a ń fi aró, àti búlúù lẹ́yìn tí ọjà òyìnbó dé, kun irun orí rẹ̀. Ọwọ́ ìyá tí ń wẹ ojú ọmọ, lọ́dọọdún, a mú imú rẹ̀ relẹ̀, a mú ètè rẹ̀ dán, títí ojú tí agbẹ́gilére fi ọ̀bẹ là yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá yí ère náà padà tí a wo ẹ̀yìn etí àti abẹ́ apá rẹ̀, ojú ọ̀bẹ ṣì mú níbẹ̀, osùn sì ti dì pọ̀ sí i. Kò sí ẹni tí ó pète pé kí imú náà parẹ́. Ìfẹ́ ni ó pa á rẹ́. Nígbà tí àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ńlá ra irú ojú bẹ́ẹ̀, àwọn kan gbẹ́ èyí tuntun, wọ́n fi sáńpépà ha gbogbo ara rẹ̀ bákan náà, wọ́n sì gbé e lọ sọ́jà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò kì í pẹ́ kó tó dá a mọ̀, nítorí sáńpépà kò bímọ rí, kò sì ṣọ̀fọ̀ ọmọ rí, kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró.

Ọ̀rọ̀ sísán tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri kì í ṣàdédé lanu. Igun fèrèsé, orí ilẹ̀kùn, ibi tí ẹrù ilé ti wúwo jù àti ibi tí igi ti pàdé bíríkì, ibẹ̀ ni í ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ya ojú sísán sí àárín gbùngbùn ògiri tí kò gbé ẹrù kankan ti purọ́ tí kò ní ẹsẹ̀. Fún àwọn ohun kéékèèké, ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Wọn a kun fánííṣì olóròró tí kì í tètè gbẹ sí ìsàlẹ̀, nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí ó gbẹ, wọn a fi omi gọ́ọ̀mù, oje igi tí ń ti òkè Ọya wá, kun orí rẹ̀. Ti òkè yóò gbẹ kíákíá, yóò sì fẹ́ súnkì. Ti ìsàlẹ̀ kò tíì dúró sójú kan. Àìgbọ́ra-ẹni-yé àwọn méjèèjì ni yóò fa ti òkè ya wẹ́wẹ́, a ó wá fi ọ̀dà dúdú ra á kí ojú yíya náà lè hàn. Bí àwòrán àtijọ́ gan-an ti ń sán nìyẹn, nígbà tí ìpele kan kò bá lè bá ìkejì rìn mọ́. Oníṣẹ́ kò ya ojú sísán kankan níhìn-ín. Ohun tí ń fa sísán ni ó pè, ó sì jókòó dè é.

Nígbà tí ọgbọ́n bá tó báyìí, ìdánwò kò ní ṣàì dé. Michelangelo, tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí, gbẹ́ ère ọmọdé tí ń sùn kan sára òkúta mábù nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Wọ́n fún un ní ìmọ̀ràn pé kí ó ṣe é kí ó lè dà bí ohun tí a hú jáde nínú ilẹ̀, oníṣòwò kan sì tà á ní Róòmù fún Kádínà Raffaele Riario gẹ́gẹ́ bí ohun àtijọ́. Nígbà tí Kádínà mọ òtítọ́, ó dá ère padà, ó gba owó rẹ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà ni ó ṣí ọ̀nà Róòmù fún ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ní 1496. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n bí a bá wádìí ẹ̀ṣẹ̀ náà dáadáa, kò sí lára àwọ̀ tí wọ́n fi pa òkúta, ẹnu tí ó sọ̀rọ̀ ní ìdí ọjà ni ó wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi hàn pé òun mọ bí ilẹ̀ ṣe ń jẹ mábù. Oníṣòwò ni ó sọ ìmọ̀ náà di olè.

Àpẹẹrẹ rere wà ní ìlú London, nínú gbọ̀ngán méjì tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ṣí ní 1873. Ohun tí ó kún ibẹ̀ ni ẹ̀dà tí a fi POP mọ láti ara àwọn iṣẹ́ ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù, a sì kun púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n lè jọ òkúta, igi tàbí idẹ tí wọ́n ti wá. Dáfídì tí Michelangelo gbẹ́ dúró níbẹ̀, ó ga ju mítà márùn-ún lọ, ẹ̀bùn tí a fi ránṣẹ́ láti Florence sí Ọbabìnrin Victoria ní 1857. Ẹ̀dà Òpó Trajan ti Róòmù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pín in sí méjì kí ó tó lè gba abẹ́ òrùlé. Wọn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí ẹ̀dà ni wọ́n pe ẹ̀dà. Ọ̀rọ̀ náà sì wá yí padà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rò: òpó ti Róòmù dúró síta, èéfín ìlú àti òjò ń jẹ ẹ́, ti London wà lábẹ́ òrùlé, ojú ọmọ ogun tí ó ti ń parẹ́ lára òkúta sì ṣì mú hánhán lára POP. Ọmọ ti wá di ẹni tí ń rántí ohun tí baba gbàgbé.

Ní Èkó tiwa, àwọn Àgùdà, àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti oko ẹrú Brazil padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kó iṣẹ́ bíríkìlà àti ti káfíńtà bọ̀ láti Bahia, wọ́n rẹ́ ògiri, wọ́n sì fi òdòdó àti òṣùmàrè ṣe orí fèrèsé lọ́ṣọ̀ọ́. João Baptista da Costa wà lára wọn, ẹni tí ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894, tí ó ṣì dúró títí di òní. Ilé tí a ń pè ní Ilojo Bar, ní gbàgede Tinúubú, kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀: wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà orí àgbà ni ó wọ́, ọjà sì kún. Ní ìlú kan náà, bí mo ti ń kọ èyí, olówó kan ń sanwó kí a fi ọ́mbà kun òpó ilé rẹ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Kì í ṣe pé mò ń sọ pé ìdọ̀tí ni ọ̀wọ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀ Oòdáyé, ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ni àwọn obìnrin máa ń tún kùn bí ọdún bá ti yípo, tí wọ́n ń fi àwòrán titun bo ti àná. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ń tún ọ̀dà ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe kí wọ́n tó gbé e jó. Àwọn baba wa kò kúnlẹ̀ fún àwọ̀ tí ó ti ṣá; ohun tí wọ́n ń tọ́jú ni ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kùn, kí ó má baà kú pẹ̀lú ògiri. Bí a bá fi èyí wo ọ̀rọ̀ Èkó, a ó rí i pé òfò tí ó wà nínú wíwó ilé Àgùdà ju ti ògiri lọ: ìrísí tí ọwọ́ ìbá máa wò kọ́ṣẹ́ ni ó ń lọ.

Ìdí nìyí tí èmi kò fi bá àwọn tí ń sọ POP di arúgbó ṣọ̀tá, bí mo tilẹ̀ ní ohun méjì tí mo ń bẹ̀ wọ́n. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n máa fi ìṣó kọ ọdún tí wọ́n mọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ọ̀dà kì í dé, kí iwájú lè máa ṣeré rẹ̀ kí ẹ̀yìn sì máa sọ òtítọ́. Ìkejì ni pé kí ọgbọ́n tí wọ́n ń lò fún pálọ̀ olówó dé ara àwọn ilé Àgùdà tí ó kù ní Pópó Àgùdà ní Èkó. Ẹni tí ó lè da móòdù òdòdó àjà lè gba móòdù ọ̀ṣọ́ orí fèrèsé tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́, kí ó sì mọ èyí tí yóò dípò rẹ̀; ẹni tí ó mọ bí òjò ṣe ń ṣàn lára ògiri lè kùn ún kí titun má baà yàtọ̀ sí àtijọ́. Kò béèrè ilé ńlá bí ti London. Ó béèrè àkàbà, àpò POP, àti onílé tí yóò gbà kí a gun ògiri rẹ̀ kí àwọn awólé tó dé.